Ibi Tí Okùn Bá Dé, Èbúté Ni

Èmi nìkan ni mo rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun náà wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa, ẹ ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú gbogbo èbúté yẹn, láti orí omi títí dé ẹnu géètì, ojú méjì péré ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀, orí tèmi ni méjèèjì sì wà.

Èmi ni mo ń wa kíréènì. Kíréènì yẹn ga débi pé tí ẹyẹ bá fẹ́ kọjá, ó ní láti gbàyè lọ́wọ́ mi kó tó kọjá. Tí mo bá sín níbẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sáré lọ ká aṣọ, wọ́n á ní òjò ń bọ̀. Àbùmọ́ ni àwọn aláàárù ń pè mí. Mi ò bínú. Ẹni tí ò gun òkè rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ohun tó ń bẹ lókè?

Lọ́jọ́ náà, òjò gidi ló ń rọ̀. Ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ̀ oníyọ̀ kan wà létí kọnkéré, aláàárù mẹ́fà wà nínú ikùn ẹ̀, olórí wọn wà lára wọn. Àwọn tó kù ti sá wọ abẹ́ páànù, wọ́n fi aṣọ borí. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró síta, Bàbá Takókó, àgbà tó ń so ọkọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ta okùn ní kókó níbẹ̀, ọkọ̀ kan ò sì tú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ìjì dé. Ó gbá ọkọ̀ yẹn nídìí. Mo wá rí i tí kùkùté irin tí wọ́n so okùn ìdí ọkọ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Kọnkéré ìdí ẹ̀ ti sán tipẹ́. Ẹnu bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bó níbi tó ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un ṣe. Tí kùkùté yẹn bá fà tu, ìdí ọkọ̀ á ṣí lọ sójú omi, imú ẹ̀ á kọ lu kọnkéré, àpò iyọ̀ tí wọ́n tò bí ilé alájà mẹ́ta nínú ikùn ẹ̀ á sì wó lé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí.

Bàbá ò pariwo. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ó gbá okùn kejì tó ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ nídìí ọkọ̀ mú, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sáré. Àgbà tí kì í yára lọ jẹun, ó sáré! Ó kọjá ìlà yẹ́lò, ó yí ẹ̀yìn ilé ẹrù, ó dé ìdí kùkùté àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ó wé okùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á ní kókó. Okùn náà le gbandi. Ọkọ̀ fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, bàbá tú okùn náà, ó gbé e padà wá sórí kùkùté kékeré kan létí omi, torí ojú ọ̀nà tírélà ló gbà kọjá, ẹni tó mọ iṣẹ́ okùn kì í sì í fi okùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ká ìyókù, ó nu ojú, ó jókòó. Ẹnì kan ò kí i kú iṣẹ́.

Ìlà yẹ́lò yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe débẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun kan wá fún wa. Fáìlì ò kúrò ní abíyá ẹ̀ rí, bóyá ó máa ń gbé e sùn, la bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fáìlì. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló ní kí wọ́n po ọ̀dà, kí wọ́n fa ìlà kan gba iwájú ilé ẹrù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó gbé pátákó kan síbẹ̀: ÈBÚTÉ PARÍ SÍBÍ. Ó ní ẹni tó bá kọjá ìlà yẹn kí fèrè tó dún, ó ti fi èbúté sílẹ̀, ó ti sá níbi iṣẹ́.

Bàbá Takókó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, èbúté kì í ṣe ẹní, ẹ ò lè ká a kó mọ níwọ̀n. Tí ìyàwó ẹni bá ní ọkọ òun wà ní èbúté, ó lè wà lórí omi, ó lè wà ní ilé ẹrù, ó lè wà níbi tí wọ́n ti ń tún okùn ṣe. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ní ibi tí okùn ọkọ̀ bá dé, èbúté dé ibẹ̀."

Ọ̀gá Fáìlì ní, "Àwọn tó kọ́ yín níṣẹ́ ò kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá. Èmi ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó dáa. Lọ́jọ́ òjò yẹn, Ọ̀gá Fáìlì dúró lẹ́nu fèrèsé lókè, ó ń mu tíì. Òjò ò jẹ́ kó rí okùn, ilé ẹrù ò jẹ́ kó rí kùkùté. Ohun tó rí kò ju ẹyọ kan lọ, pé nígbà tí ọkọ̀ wà nínú ewu, bàbá kọjá ìlà, eré ló sì ń sá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà ti jáde. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ọmọ bàbá fúnra ẹ̀. Òun ni akọ̀wé Ọ̀gá Fáìlì, òun nìkan ló sì mọ kọ̀ǹpútà yẹn lò. Ọ̀gá jókòó tì í, ó ń pè é, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́: pé bàbá náà sá kúrò ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ wà nínú ewu, pé iṣẹ́ ẹ̀ parí lónìí, pé wọ́n máa fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí gbogbo èbúté yòókù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Asokọ̀ tí wọ́n bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún, kò sí ibi tó máa so ọkọ̀ sí mọ́ láyé. Kódà tó bá so ewúrẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, bàbá dúró níwájú tábìlì, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Olórí aláàárù wà lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Ọ̀gá Fáìlì wí.

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn, sà."

"Ṣé ẹ kọjá ìlà yẹn lánàá, àbí ẹ ò kọjá ẹ̀?"

"Mo kọjá ẹ̀."

"Ó tán nìyẹn."

"Kò tán, sà. Mo kọjá ìlà, ṣùgbọ́n mi ò kúrò ní èbúté. Kùkùté ẹ̀yìn ilé ẹrù ni mo lọ so okùn mọ́. Ẹ lọ bi àwọn atukọ̀."

"Ọkọ̀ ti lọ láti àná. Ta ló rí yín?"

Mo fi èjìká ti olórí aláàárù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wọlé. "Èmi ni mo rí i, sà!"

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, tí inú bá sì ń bí mi, ẹnu mi kì í ní búréèkì. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yẹn ti dìde dúró lórí ìdí ẹ̀ bí ajá tó ń tọrọ eegun! Òjò ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè! Bàbá fi eyín fa okùn, ó fò lórí ilé ẹrù kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan páànù! Ọkọ̀ ń fà á, òun náà ń fa ọkọ̀..."

Ọ̀gá Fáìlì gbé bírò sílẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni Àbùmọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ kọ́ lo ní ẹja kan yọrí látinú omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó kí ẹ káàárọ̀?"

"Ẹja yẹn tóbi, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Olórí aláàárù náà rẹ́rìn-ín, mi ò dá a lẹ́bi. Bàbá Takókó ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó de fìlà ẹ̀, ó jáde. Ó lọ dojú korobá kan dé lẹ́yìn géètì, ó jókòó lé e. Ó ní òun ò ní lọ sílé, torí òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ wọlé kí òun sì sọ fún ìyàwó òun pé òun sá.

Akọ̀wé bá mi lórí kọnkéré létí omi. Ẹ̀yin, mo ti rí ìjì o, ṣùgbọ́n ìjì kan ò bà lé mi rí bí ọmọ yẹn ṣe bà lé mi lọ́jọ́ náà.

"Ṣé o rí ẹnu ẹ yẹn? Ọlọ́run ì bá ti fi dí ihò eku!"

"Wò ó, mo fẹ́ ran bàbá lọ́wọ́ ni..."

"Ìrànlọ́wọ́ wo? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ ìwé tó pa iṣẹ́ bàbá mi, ẹnu ẹ sì lo fi sin ín! Eyín ló fi fa okùn? Bàbá mi tó ń rẹ ìpápánu sínú tíì kó tó lè jẹ ẹ́! Ṣé o rí i àbí o ò rí i?"

"Mo rí i."

"Kí lo rí? Sọ ọ́ fún mi. Tó o bá fi ẹyọ iyọ̀ kan sí i, màá gbá ẹ sínú omi yìí, ẹja ẹ á sì kí ẹ káàárọ̀."

Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó le ju gígun kíréènì lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà nínú ikùn mi ń tì mí. Mo ní, "Ó mú okùn kejì. Ó lọ sí kùkùté ẹ̀yìn. Ó wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ fà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró."

Ó ní, "Lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún olórí aláàárù."

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Olórí aláàárù fọwọ́ kan iwájú orí mi. "Ṣé ara ẹ yá? Ọ̀rọ̀ kúkúrú báyìí, láti ẹnu ẹ?" Ó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Dúró ná. Nígbà tá a wà nínú ikùn ọkọ̀, ó fà lẹ́ẹ̀kan bí ewúrẹ́ tí okùn mú lọ́rùn. Láti àná ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló mú un."

A jọ lọ sẹ́yìn ilé ẹrù. Kùkùté yẹn ti dógùn-ún pátápátá, àyàfi ojú ibi mẹ́ta tí okùn ti bó ìpẹtà ẹ̀, tó ń dán yanran. Olórí aláàárù fọwọ́ rá a. Omi lé sí i lójú. Èèyàn tó lè gbé àpò iyọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, omi lé sí i lójú.

Ó lọ bá Ọ̀gá Fáìlì, ó ṣàlàyé. Ẹ fetí sí ohun tí ọ̀gá sọ. Ó ní, "Kódà kó jẹ́ pé ó so ó, ẹ̀yìn ìlà ló ti so ó. Ibẹ̀ kì í ṣe èbúté. Ìwé ni ìwé." Ó ti mọ òótọ́ o! Ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi fáìlì bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ mi hó.

Olórí aláàárù ò jà. Ó tẹrí ba. "Ó dáa, sà. Ìwé ni ìwé."

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ oníyọ̀ mìíràn gúnlẹ̀, wọ́n sì tún so ìdí ẹ̀ mọ́ kùkùté tó ń mì yẹn. Àwọn aláàárù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn ò jáfara rárá. Wọ́n gbé àpò kìíní dé ìdí ìlà yẹ́lò, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n gbé ìkejì, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Èmi náà, tí ìkọ́ kíréènì mi bá ti dé ìlà, màá dá a dúró, màá sọ ẹrù sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé ọmọ sùn. Nígbà tí oòrùn fi kàn wá lórí, òkè iyọ̀ ti wà nílẹ̀ tó ga débi pé orí ẹ̀ ń tutù. Ó dáa, kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ga tó èèyàn méjì. Àwọn awakọ̀ tírélà wà lódìkejì, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń bú baba ẹni tó fa ìlà.

Ọ̀gá Fáìlì já sóde. "Kí lẹ̀ ń dúró dè? Ẹ gbé e wọlé ẹrù!"

"Sà, ilé ẹrù kì í ṣe èbúté," ni olórí aláàárù wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Pátákó yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ká má rí i, sà. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Asokọ̀ kan kọjá ibẹ̀ níjẹta, wọ́n fún un ní lẹ́tà."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ìjì tún ti dìde. Kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kùkùté tó sán yẹn ò nílò ìjì ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn aláàárù jáde kúrò nínú ikùn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò sórí kọnkéré, wọ́n ká apá. Ọkọ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.

"Ẹ so ó mọ́ kùkùté ẹ̀yìn!" ni Ọ̀gá Fáìlì kígbe.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní ẹ so ó mọ́ kùkùté ẹ̀yìn!"

"Ṣé èbúté ni ẹ̀yìn yẹn, sà?" ni aláàárù kan bi í.

Ọ̀gá wo ọkọ̀. Ó wo wọn. Ó ju fáìlì sílẹ̀, ó gbá okùn mú fúnra ẹ̀. Wọn ò lè rí i mọ́ bó ṣe yí ẹ̀yìn ilé ẹrù, òkè iyọ̀ àti ògiri ti dí wọn lójú. Èmi nìkan ni mo wà lókè. Bàtà ẹ̀ kan ti bọ́ lójú ọ̀nà. Ó dé ìdí kùkùté, ó ta kókó bí ẹni ń so okùn bàtà ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Okùn tú. Ó tún un ta. Ó tún tú, okùn ń wọ́ ọ̀gá lọ nílẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀. Mo gbà fún un níbẹ̀.

Láti orí korobá ẹ̀ lẹ́yìn géètì, Bàbá Takókó ń wò ó láti inú ihò géètì. Ó dìde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní àṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ̀ṣọ́ náà bá yíjú sí ògiri, ó ń wò ó bí ẹni tí ò rí ògiri rí. Bàbá wọlé, kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba okùn lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wé e: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ta á ní kókó. Okùn le gbandi. Ọkọ̀ dúró.

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí okùn kan náà. Bàbá sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan ló tó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní òun bi í pé, "Ọ̀gá, níbo la wà yìí?"

Ọ̀gá yíjú sí i. Ó wo ilẹ̀, ó wo okùn. Ó wá dáhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo lè sọ fún yín pé mo gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ. Ìjì ń hó létí mi, mo sì jìnnà. Ẹnu ẹ̀ ni mo rí. Ó là á díẹ̀, ó pa ètè dé, ó sú u, ó tún là á. "Èbúté" ló sọ. Kí lẹ tún rò pé ó lè jẹ́?

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pe Akọ̀wé, ó ní kó kọ ọ́ pé àwọn ti dárí ji bàbá. Akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń dárí jì, sà." Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà lójú omi tó ń fun fèrè nígbà yẹn, òkè iyọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní kó kọ ohun tó bá wù ú. Ó tẹ̀ ẹ́, ìlà kan péré: *Bàbá yìí ò kúrò ní èbúté.* Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó ju bírò sára ògiri. Wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ sí gbogbo èbúté yòókù.

Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ìlà yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti fa okùn tútù jáde nínú omi láràárọ̀, orí ìlà yẹ́lò yẹn gan-an ló ń tẹ́ ẹ sí kó gbẹ, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọ̀dà ti ń ṣí níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá Fáìlì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ò dáhùn nǹkan kan lẹ́yìn ilé ẹrù, pé òjò ló wọ òun lẹ́nu. Òjò wo? Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Tí ẹ bá bi bàbá, á ní, "Ẹ lọ bi í." Ó wá ku èmi. Ẹ gbàgbé ti ẹja. Ẹ yọ ti ẹyẹ kúrò, ẹ yọ ti òkè iyọ̀ tí orí ẹ̀ ń tutù. Èyí tó kù yìí, ojú mi ló rí i, mi ò sì fi ẹyọ iyọ̀ kan sí i. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní ẹ gbà mí gbọ́!